Ìpara Tí Àsíátù Ń Fi Ra Ojú Bí Òrí

Irorẹ́ kò mọ arẹwà. Àsíátù ga, ó dúdú minimini, eyín rẹ̀ funfun báláú, síbẹ̀ irorẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe ilé. Iṣẹ́ èlùbọ́ ni òun àti ìyá rẹ̀, Ìyá Abíọ́nà, ń ṣe ní Ṣakí. Wọ́n á bó iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, wọ́n á rù ú lọ sá sórí àpáta lẹ́yìn ìlú. Kò sí ìbòòji kankan lórí àpáta náà.

Ràmọ́nì ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Awakọ̀ tó ń kó èlùbọ́ lọ sí Èkó ni, ó sì máa ń pẹ́ lọ́nà. Ọyẹ́ ọdún 1983 ni wọ́n dá ọjọ́ yìgì sí. Ohun tí kò jẹ́ kí Àsíátù gbádùn ni pé lọ́jọ́ náà, àwọn obìnrin ilé ọkọ á ṣí ìbòjú lójú òun, gbogbo wọn á sì rí irorẹ́. Ojú dídán ló ń wá. Ẹ má bá a wí, ta ni kì í wá a?

Àdìjátù, ọmọ àdúgbò wọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, wá kí ìyá rẹ̀ nílé, ó sì mú ìpara kan fún un nínú túùbù kékeré.

"Fítámì ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lágbára o," ni Àdìjátù wí. "Alẹ́ nìkan ni kí o fi ra ojú, lẹ́yìn tí o bá fọ̀ ọ́ tó sì gbẹ. Kó má ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Bí o bá lò ó lónìí, sinmi lọ́la àti ọ̀túnla. Bí ilẹ̀ bá mọ́, fọ̀ ọ́ kúrò, kí o sì sá fún oòrùn. Bí oyún bá dé, má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, Àsíátù."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣé gan-an ni."

Etí ló gbọ́, ọkàn kò gbà á. Òkè-Ògùn ni wọ́n bí i sí, níbi tí ọyẹ́ ti ń fa ètè ya, òrí ló sì bá láyé. Lójú tiwọn, òrí kì í pọ̀ jù. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lásìkò ọyẹ́, wàá bù ú dáadáa, wàá rà á mọ́ ojú títí yóò fi máa dán, kí o tó jáde. Ẹni tó bá fi ìwọ̀nba ra ara, wọ́n á ní ahun ni. Bí ẹyọ ẹ̀wà kan bá lè wo irorẹ́, Àsíátù ní ẹ̀kúnwọ́ á wò ó kíákíá. Ló bá ń fún ìpara sọ́wọ́ láràárọ̀, ó ń rà á mọ́ ojú bí òrí, ó ń ru iṣu, ó ń gun àpáta lọ sínú oòrùn.

Ó kọ́kọ́ ń ta á, inú rẹ̀ sì dùn. Oògùn tí kò bá ta ni, ta ló gbà á gbọ́? Kò pẹ́, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ní ìdọ̀tí ló ń jáde. Ó mú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú, ó fi fọ ojú ara rẹ̀ bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò. Háà! Kí ni ọ̀tá ìbá tún ṣe fún un?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe ni Ìyá Abíọ́nà fi bọnu nígbà tó rí i.

"Súbúhánáláhì! Àsíátù, kí ló jẹ ọ́ lójú?"

Àsíátù sáré mú dígí, jìnnìjìnnì sì bò ó. Ojú inú dígí kì í ṣe ojú tó mọ̀. Ó wú, ó pọ́n níhìn-ín, ó ṣú lọ́hùn-ún, awọ rẹ̀ gbẹ, ó sì hunjọ. Ó fẹ́ ké, ẹnu kò ṣeé là.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Àdìjátù wá láti Ìbàdàn. Bó ṣe wọlé, ó káwọ́ lérí.

"Mo ní alẹ́! Mo ní ẹyọ ẹ̀wà! Ta ló ní kí o gbé e wọnú oòrùn?" Ó gba ìpara náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní omi tútù lásán ni kó máa fi bọ́jú, kó máa fi òrí díẹ̀ tù ú, kó sì jókòó sínú ilé.

"Ṣé á san kó tó dọjọ́ yìgì, Àǹtí?"

"Á san," ni Àdìjátù wí. Kò sọ ìgbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Abíọ́nà lọ kó iṣu gbígbẹ nílẹ̀ lórí àpáta. Àsíátù nìkan ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìborùn ìyá rẹ̀ bo orí. Ràmọ́nì ti Èkó dé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe wọlé tó rí obìnrin lórí ẹní, ó da àyà délẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ilé o, Màmá wa. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìyàwó. Àsíátù ńkọ́, mà?"

Ọkọ tí Àsíátù fẹ́ tìtorí rẹ̀ dán ló dọ̀bálẹ̀ fún un yìí, tó ń pè é ní ìyá rẹ̀.

"Kò sí nílé," ló wí.

Ohùn ni Ràmọ́nì fi dá a mọ̀. Ó gbójú sókè láti ilẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò.

"Àsíátù?"

Omijé bọ́, ó sì ta á lójú bí ata. Ràmọ́nì dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù, ó bi í pé ta ló ṣe é báyìí. Àsíátù ní òun fúnra òun ni, nítorí tirẹ̀ sì ni. Ràmọ́nì ní kó fọkàn balẹ̀, ọjọ́ yìgì kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ló kọjú sí nígbà tó ń sọ ọ́.