Àwọn Àpótí Tí Àjọ Kò Tú

Àbúrò ìyàwó mi ni obìnrin tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi tọ́jú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀bùn ní Àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ fún òwò àti àṣà láàrin wa àti ilẹ̀ òkèèrè. Ìyá Kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú oorun.

Àjọ náà ní àṣà kan tí kò sí nínú ìwé òfin: wọn kì í tú ẹ̀bùn àlejò. Wọ́n á fi ẹ̀rín gbà á, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì gbé e pamọ́ ní tuntun láti fi ta àlejò mìíràn lọ́rẹ. Iṣẹ́ mẹ́ta ni obìnrin yìí ní: kí ó nu eruku, kí ó lẹ orúkọ olórẹ mọ́ àpótí, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ̀bùn padà sọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Ó ku oṣù mẹ́rin péré kí ó fẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n òjò ti jò wọ kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ti bó orúkọ ara àpótí kan. Nígbà tí àwọn oníṣòwò àga láti òkèèrè dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àpótí yìí gan-an ló gbé fún alága Àjọ. Alága fi ọwọ́ méjèèjì fà á lé olórí wọn lọ́wọ́.

Àwọn wọ̀nyí, ní tiwọn, ojú olórẹ ni wọ́n ti ń tú ọrẹ. Àwo igi gbígbẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí a lẹ̀ pa. Olórí náà kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ògbufọ̀ ló gbà á sọ:

“Ó ní ọwọ́ òun ló kọ lẹ́tà yìí ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ó ní àwọn fẹ́ máa ra àga ọwọ́ àwọn káfíńtà yín fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ kò fèsì.”

Láàrin ọdún mẹ́sàn-án náà, ẹ̀ẹ̀meje ni Àjọ kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìjọba pé àwọn ará ìlú àlejò wọ̀nyí kò ka ènìyàn sí.

Alága yíjú sí àbúrò wa. “Ìyá Kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ti pa wá. Akọ̀wé, ẹ kọ ìwé ìdádúró wọn lẹ́nu iṣẹ́ wá kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Àbúrò wa kúnlẹ̀, ó fèsì: “Ọ̀gá mi, ọdún tí mo já okùn ara àpótí kan ṣoṣo, ẹ̀yin náà lẹ bá mi wí níwájú gbogbo ọ́fíìsì.” Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀; kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Olórí àlejò náà bi í pé àpótí mélòó ló kù tí wọn kò tú.

“Mẹ́tàdínlógójì, sà.”

Wọ́n kó wọn jáde sórí tábìlì. Aago ogiri ló wà nínú èkíní, ìkòkò òdòdó nínú èkejì, aṣọ tábìlì nínú ẹ̀kẹta. Láti inú ẹ̀kẹrin, lẹ́tà já bọ́. Láti inú ẹ̀karùn-ún, òmíràn.

Àbúrò wa bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e síwájú alága. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ ìwé ìdádúró. Akọ̀wé tí ìbá kọ ọ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ń ṣa lẹ́tà.