Iná Tí Mo Jẹ́wọ́ Rẹ̀ ní Ìrọ̀lẹ́ Tí Ojú Ọ̀run Pọ́n

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi ní Kabba, òfin mẹ́ta ló wà nípa iná oko. Ọmọdé kì í dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko gbígbẹ. Ẹni tó bá sun iṣu kẹ́yìn ni yóò da omi sí iná, tí yóò sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá ṣẹ̀, tó sì jẹ́wọ́ kí iyán alẹ́ tó délẹ̀, ìdajì ìyà ni yóò jẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní àdúgbò wa yóò rántí pé ìdajì ìyà ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun kékeré.

Oko wa wà ní ọ̀nà Aiyetoro-Gbede, ní apá ibi tí òòrùn ń wọ̀ sí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí mò ń sọ yìí, a ti wa gbogbo iṣu tán, a ti fi okùn so wọ́n mọ́ igi lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú ọgbà iṣu. Iṣu jíjẹ wà ní apá kan, iṣu gbígbìn wà ní apá kejì. Bí iná bá wọ ibẹ̀, kì í ṣe iyán ọdún náà nìkan ni yóò lọ; a kò ní rí ohun tí a ó gbìn bí òjò bá dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi ni mo sun iṣu kẹ́yìn lóko. Ó jinná dáadáa, èèpo rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ funfun, a fi epo pupa àti iyọ̀ jẹ ẹ́. Omi inú kèrègbè ti tán, torí pé mo ti mu ún. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lé iná náà, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, a sì gba ilé lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń fọ odó lọ́wọ́ nígbà tí òòrùn wọ̀. Ó yẹ kí ilẹ̀ máa ṣú. Ṣùgbọ́n bí òòrùn ṣe wọ̀ tán ni ojú ọ̀run tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí epo tuntun, lẹ́yìn náà ó dà bí ẹni pé wọ́n po aró mọ́ osùn. Apá oko wa gan-an ni.

“Iná ìgbẹ́ ni o!” ni ẹnì kan kígbe lójúde. “Ọ̀nà Gbede ni!”

Mo wo odó. Iyán kò tíì délẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

“Ìyá Àgbà, èmi ni. N kò da omi sí iná.”

Ìyá Àgbà kò pariwo. Ó ní kí n na ọwọ́ mi méjèèjì sókè títí òun yóò fi gún iyán tán. N kò tíì rí iyán tí wọ́n gún kúnná tó bẹ́ẹ̀ rí.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí Bàbá Dúró wọlé. Ọdẹ ni, oko rẹ̀ sì bá tiwa pààlà.

“Okun o, Ìyá,” ló fi kí i. “Ẹ má bínú. Mo fi èéfín lé òkété jáde nínú ihò lónìí. Mo rò pé mo pa iná náà ni.”

Ìyá Àgbà wò ó, ó wò mí. “Èwo nínú yín ló jó oko mi?”

“Èmi ni,” ni Bàbá Dúró wí.

“Èmi ni,” ni mo wí. Mo ti jẹ ìyà náà dé ìdajì, n kò sì fẹ́ kó ṣòfò.

“Ẹ jọ máa pín in láàárín ara yín,” ni Ìyá Àgbà wí. “Iṣu mi ti jó.”

Oko náà jìnnà, ilẹ̀ sì ti ṣú, a kò lè débẹ̀ lálẹ́ náà. Ìyá Àgbà bu iyán fún wa. Kò fọwọ́ kan tirẹ̀.

Ní ìdájí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba oko lọ. Ọgbà iṣu wà ní ìdúró. Iná mi ti kú, ó tutù, ti Bàbá Dúró náà ti kú; kò sí ibi tí iná jó. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan iṣu gbígbìn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wo orí ọmọ bóyá ó gbóná. Nígbà tó fọwọ́ kàn wọ́n tán, ó jókòó sórí ilẹ̀.

“Ìyà àná,” ló wí fún mi, “a ó fi í sílẹ̀ de ẹ̀ṣẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Nígbà tí mo fọ́ ìkòkò omi, ó kàn ní, “A ti san ìyẹn.”

Ojú ọ̀run tún pọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àti ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà wa ló wá ṣàlàyé. Ó ní òkè kan ní ilẹ̀ òkèèrè ló bú, tó yọ iná, tí eérú àti èéfín rẹ̀ gòkè kọjá ibi tí òjò ti ń wá, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé e kiri ayé. Bí òòrùn bá ti wọ̀ lójú àwa tí a wà nílẹ̀, kò tíì wọ̀ fún ohun tó wà lókè lọ́hùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì ń bà á, èyí tó pupa nínú rẹ̀ ló sì ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìyá Àgbà gbọ́ ọ parí. Ó ní, “Ta ló ń sun iṣu níbẹ̀?”

Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ṣì ń sọ pé ọyẹ́ ló fà á. Rárá o. Eruku ọyẹ́ kì í lọ sókè tó bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa ń mú kí òòrùn ràn bí àwo funfun tí a kò fọ̀ dáadáa. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọọdún títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ayé ti yí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, iná jó oko kajú ẹnì kan ní ọ̀nà yẹn kan náà. Iná gidi ni. Mo débẹ̀, mo rí èédú. Àwọn ọmọ jáde síta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi fóònù ya fọ́tò ojú ọ̀run, wọ́n sì wọlé lọ jẹun. Ní ìgbà tiwa, ẹni méjì jẹ́wọ́ iná tí kò sí. Lónìí iná wà, a kò rí ẹyọ ẹnì kan tó jẹ́wọ́. Mo pe ọkùnrin kan tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹfà, tí oko rẹ̀ bá ibẹ̀ pààlà, mo bi í bóyá ó mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Màmá,” ló wí, “ó lè jẹ́ òkè ilẹ̀ òkèèrè yẹn ni. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa.”