Táńkì Òtútù Ọkọ Mi

Nígbà tí ọkọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́ màlúù ní Ìkàrẹ́, táńkì kan wà nílé wa tí mi kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́. Ó dà bíi fúláàsì omi gbígbóná, àmọ́ irin ni, ó tóbi, òtútù ló sì ń pa mọ́. Náítírójìn ló wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi òtútù sọ di omi. Inú omi yẹn ni àtọ̀ àwọn akọ màlúù ńlá wà, èyí tí ọkọ mi fi ń fún abo màlúù lóyún láìsí akọ nítòsí. Bí omi náà bá gbẹ, àtọ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Bàbá kan wà ní Ọ̀kà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Àrùn ti pa màlúù rẹ̀ tán, ó ku abo kan ṣoṣo. Nítorí tirẹ̀ ni ọkọ mi ṣe lọ gba náítírójìn ní Àkúrẹ́. Bó ti ń bọ̀, bọ́ọ̀sì já sí kòtò lẹ́bàá Ọ̀bà, táńkì sì ṣubú. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ibi tó ya.

Òjò ń rọ̀ nígbà tó délé. Ó gbé e sí sítọ́ọ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ lè gba ipò èyí tí èèyàn ń mí sínú, kó sì pani. Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ò mọ̀. Ó pa fèrèsé náà dé kí òjò má bàa pa àwọn òròmọdìẹ rẹ̀ tó wà níbẹ̀.

Láàárọ̀, màmá ṣílẹ̀kùn, ó sì pè mí láti ẹnu ọ̀nà.

“Ìyàwó, wá wo àwọn adìẹ yìí. Wọn ò mira.”

Mo fẹ́ wọlé, ọkọ mi fà mí lápá.

“Má wọ ibẹ̀. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sẹ́yìn.”

Ó lọ ṣí fèrèsé láti ìta. A dúró pẹ́ kó tó wọlé. Ìyá adìẹ àti gbogbo ọmọ rẹ̀ ti kú nínú apẹ̀rẹ̀. Yìnyín funfun bo ara táńkì.

“Ògiri méjì ló ní,” ó ní, “wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn tán kí ooru má bàa wọlé. Afẹ́fẹ́ ti padà wọ ibẹ̀ báyìí. Ìṣubú àná ni.”

Ó ki ọ̀pá bọ inú rẹ̀. Ọ̀pá náà jáde ní gbígbẹ. Màmá jókòó sórí àpótí.

Kò pẹ́ tí bàbá Ọ̀kà fi pè lórí fóònù pé màlúù òun ti ń ké, ó ń wá akọ. Ọkọ mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. A jọ lọ. Bàbá ti so màlúù náà mọ́lẹ̀ dè wá, ó ti gbálẹ̀ àyíká rẹ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ má bínú, bàbá. Gbogbo rẹ̀ ló ti bàjẹ́.”

Ó ṣàlàyé. Bàbá gbọ́ ọ tán.

“Ìyá yín ńkọ́?”

“Wọ́n wà, sà.”

“Ẹ dúpẹ́.” Ó tú okùn màlúù, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. “Mo ti rò pé màá rí ọmọ rẹ̀ ni.”

Kò rí i. Táńkì mìíràn ò dé títí bàbá fi kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ta màlúù náà fún alápatà. Ọkọ mi fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá oko ẹ̀gẹ́ ní Ṣúpárè. Bí a bá wọ bọ́ọ̀sì kọjá ní Ọ̀kà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ọkọ mi máa ń bá mi sọ, kì í dárúkọ bàbá yẹn.