Abọ́ Mẹ́fà Tó Wúwo Ju Irin Lọ

Láràárọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń gbé irin ní ilé tó kọjú sí tiwa. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, fèrèsé mi á gbọ̀n. Ariwo yẹn ló ń dún létí mi ní Jímọ̀ tó kọjá nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ Alààjì wọlé. Wọ́n fẹ́ ṣe àdúrà ìrántí fún bàbá wọn àgbà, wọ́n sì ní kí èmi tí mo kàwé kọ díẹ̀ sínú ìwé pélébé tí wọ́n máa pín, kí ẹ̀yin ọmọdé lè mọ bí Alààjì ṣe fẹ́ràn eré ìdárayá tó. Ó dáa. Mo ti mú gègé.

Alààjì ni àbúrò bàbá wa. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ló di olórí agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òun ló sì tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Múfú. Mi ò ní purọ́, ó bọ́ wa yó. Múfú ń ru àpò gaàrí ní Èbúté Èrò. Tó bá dé, á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti da sìmẹ́ńtì sínú agolo òróró méjì, tó fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀. Èmi ni mò ń kà á bó ṣe ń gbé e sókè. Adìẹ á sá. Àwọn ìyàwó ilé á máa bú u pé ó ń fọ́ ilẹ̀ mọ́ àwọn lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í kúrò lójú fèrèsé.

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò eré irin gbígbé pé kí Múfú wá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díje. Ẹni tó bá borí ni yóò lọ gbé irin fún Nàìjíríà lókè òkun, níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo kà á sí wọn létí. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé wọn yóò kọ́kọ́ wọn olúkúlùkù. Ẹni tí ara rẹ̀ bá wúwo ju ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kò ní fọwọ́ kan irin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Múfú fi dín oúnjẹ kù. Lórí òṣùwọ̀n àwọn onígaàrí, ó ti bá ìwọ̀n náà mu gẹ́ẹ́.

Nígbà tó ku ọ̀la, Alààjì ṣe sàráà fún un lọ́sàn-án. Ìyàwó mẹ́fà ló wà nínú agbo ilé, abọ́ mẹ́fà ló jókòó sórí ẹní. Nílé wa, ẹni tí a torí rẹ̀ ṣe sàráà gbọ́dọ̀ jẹ nínú abọ́ gbogbo ìyá. Èyí tó bá fò, ó ti pe ẹni tó sè é ní oníṣẹ́ ibi nìyẹn.

"Alààjì, ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí, "wọ́n máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀. Oúnjẹ yìí máa jẹ́ kó wúwo jù."

"Tíṣà," ni ó dá mi lóhùn, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín, "ìwọ lo fẹ́ bá a gbé irin ni? Ta ló ń fi ebi gbé ẹrù? Múfú, jẹun jàre."

Múfú wò mí. "Àbúrò, fi wọ́n sílẹ̀. Tí mo bá fo abọ́ kan, ìjà á ti tú ilé yìí ká kí n tó dé."

Ó jẹ gbogbo rẹ̀, láti orí tùwó dé orí ìrẹsì ẹlẹ́ran àgbò. Alààjì ń ka abọ́ fún un bí èmi ti máa ń ka irin.

Lọ́jọ́ kejì, nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí CMS, ó fi pọ́n-ùn mẹ́ta ju ìwọ̀n lọ. Òyìnbó tó dúró ti òṣùwọ̀n fún un ní wákàtí kan. Ó da búláńkẹ́ẹ̀tì bora, ó ń sáré lọ sáré bọ̀ ní Màrínà nínú oòrùn, kò sì jẹ́ kí omi kan ètè òun. Nígbà tó padà, òṣùwọ̀n gbà á, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Irú irin tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa bí ẹni gbé ọmọ jòjòló, ó gbé e dé àyà, ó tì í sókè, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀. Mo gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó. Apá yẹn kò nà tán mọ́ títí ó fi kú.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò borí Múfú rí, ló wọkọ̀ òkun lọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì ara ògiri ló sọ fún wa pé ó gbé ipò kẹta. Múfú fi ọwọ́ òsì lu itan rẹ̀ léraléra, bí ẹni ń pàtẹ́wọ́. Alààjì ní kádàrá ni. Bí àlejò bá bi í, á ní ẹnu èmi ọmọbìnrin ni, pé èmi ni mo sọ ọ́ jáde pé yóò wúwo jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìyá fi ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí mo bá ń kọjá. Alààjì lọ láìgbà pé òun ṣàṣìṣe.

Agbo ilé yẹn ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn ọ̀dọ́ iwájú ilé wa ń wọn ẹran kí wọ́n tó jẹ ẹ́, wọ́n sì lè sọ fún ìyá wọn pé àwọn ò jẹ, kí ilé má sì dàrú. Irin sìmẹ́ńtì Múfú ṣì wà. Òun la fi ń dí géètì kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a. Ní Jímọ̀ yẹn, àwọn ọmọ-ọmọ Alààjì ní láti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó rí ọ̀nà wọlé. Ọkùnrin méjì ló gbé e. Wọn ò bi mí pé ta ló ni ín.

Mo ti kọ ọ́ báyìí. Kí wọ́n kà á sókè níbi àdúrà náà, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá jẹun tán.