Àbúrò Mi àti Bọ́ọ̀lù Ńlá

Nígbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin, tí mi ò tíì mọ ilé ọkọ, èmi ni mo dúró bí ìyá nínú ilé wa ní Igbó-Ọrà. Ìyá tó bí wa ti kú. Ìwé kẹta ni mo kà dé nígbà tó kú, bàbá wa sì ní kí n jókòó sílé láti máa tọ́jú àbúrò mi obìnrin, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Mi ò bínú. Ojú máa ń tì mí púpọ̀ láàárín èrò, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn láti wà lóko ju kí n dúró níwájú tíṣà lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àbúrò mi kàwé jù mí lọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù jù. Ráńdáàsì ni àwọn ọmọbìnrin ń ṣe nílé ìwé nígbà náà. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí pápá po. Àbúrò mi ló máa ń jù ú. Bọ́ọ̀lù náà kò tóbi ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ, gbogbo rẹ̀ ló máa ń wọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Tó bá ti jù ú, kí ẹni tó mú igi dání tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá.

Ọdún tó máa jáde ìwé mẹ́fà ni wọ́n rán àgùnbánirọ̀ obìnrin kan wá sílé ìwé wọn. Obìnrin náà mú bọ́ọ̀lù mìíràn wá, tó tóbi ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, tó sì le bí igi. Ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n ń jù báyìí nílé ìwé girama tó wà ní Èrúwà, àti pé wọ́n máa wá bá àwọn ọmọ Igbó-Ọrà ṣeré. Ọmọ tí tíṣà eré wọn bá yàn, wọ́n á gbà á sí girama lọ́fẹ̀ẹ́, á máa gbé ọ̀dọ̀ wọn.

Bàbá wa ti sọ tirẹ̀ tipẹ́. Ó ní ìwé mẹ́fà tó fún obìnrin, tó bá ti jáde, kó wá bá wa lóko. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ká ni kò pọ̀. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù ńlá yìí nìkan ló kù tó lè mú àbúrò mi dé girama.

Kò sì lè jù ú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jù ú, ó bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó tún un jù, ó fò kọjá lórí gbogbo wọn, ó lọ balẹ̀ gbì sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ìyá alákàrà tó máa ń jókòó létí pápá. Ìyá náà pariwo, "Ẹ wá gbé ẹrù yín o! Àkàrà ni mò ń dín, mi ò dín bọ́ọ̀lù!" Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ní, "Ẹ bá a yá ọwọ́ ìyá rẹ̀ wá." Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un sunkún délé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ọwọ́ mi," ló wí. "Ó kéré. Bí mo bá fún bọ́ọ̀lù yẹn mọ́ra títí, kò ní wọ̀ ọ́."

Mo wo ọwọ́ náà. Lóòótọ́, ó kéré.

Àkókò tí ewé bàrà ti gbẹ lóko ni. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé inú ọ̀rá lẹ ti ń ra ẹ̀gúsí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èso róbótó ni bàrà, ilẹ̀ ló máa ń wà káàkiri oko, inú rẹ̀ ni ẹ̀gúsí wà. A máa ń kó o jọ gègèrè ká tó fi kùmọ̀ fọ́ ọ. Kí ìrìn má bàa pọ̀ jù, ẹnì kan á dúró síbi òkìtì, ẹnì kejì á máa jù ú sí i láti inú ebè. Kì í jù ú pẹ̀lú agbára, nítorí tó bá fọ́ lọ́nà, inú koríko ni ẹ̀gúsí máa dà sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo wà níbi òkìtì. Àbúrò mi ń ju bàrà sí mi, ojú rẹ̀ ṣì wú. Bàrà ń gba ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀ kọjá, ó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́, ó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ gẹ́lẹ́. Mo mú ọ̀kan dání, mo wò ó. Ó tó bọ́ọ̀lù ńlá náà.

Mo ní, "Ṣé o máa ń fún bàrà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ni?"

"Rárá. Kò ní wọ̀ ọ́ kẹ̀."

"Kí lo wá fi ń jù ú?"

Ó mú bàrà kan nílẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Ìka," ló wí. "Ìka ni mo fi ń gbé e."

Bọ́ọ̀lù kékeré ti bà á lọ́wọ́ jẹ́. Ó ti mọ́ ọn lára láti di nǹkan mú ṣinkún, ó sì rò pé bí bọ́ọ̀lù bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí òun fún un tó. Láti ọjọ́ náà, tí a bá ti ṣe iṣẹ́ oko tán, màá lóṣòó síbi tó jìnnà díẹ̀, á máa ju bàrà sí mi, orí ìka nìkan, kí afẹ́fẹ́ wà láàárín bàrà àti àtẹ́lẹwọ́. Èmi náà máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn bí mo ti ń gbà á, kó má bàa fọ́. Síbẹ̀ ó ń fọ́. Omi rẹ̀ korò, ó ń gbẹ mọ́ mi láṣọ.

Bàbá wa ká wa mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni bàrà ṣe fún yín?"

Mi ò tíì wo ojú rẹ̀ bèèrè nǹkan rí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ sí girama, tí wọ́n bá mú un. Màá ṣe iṣẹ́ tèmi, màá ṣe tirẹ̀."

Bàbá gbé ọkọ́ rẹ̀, ó ń lọ. Nígbà tí a padà dé oko lọ́jọ́ kejì, a bá bàrà lábẹ́ igi òrí, èyí tó róbótó dáadáa, tí wọn kò tóbi ju ara wọn lọ. Ẹnì kan ti ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Bàbá ń kírun lọ́ọ̀ọ́kán, kò wo ọ̀dọ̀ wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi dá ọwọ́ dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá mú mi, ta ni á máa bá yín sọ̀rọ̀ lóko?"

Mo ní, "Jù ú."

Nígbà tí àwọn ará Èrúwà dé, ẹ̀yìn ìyá alákàrà ni mo sá pamọ́ sí, nítorí èrò. Ẹ̀rù ba àbúrò mi. Ó di bọ́ọ̀lù mú ṣinkún bíi ti tẹ́lẹ̀, ó jù ú, ó ṣubú sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, títí tó fi rí mi. Mi ò lè pariwo. Mo kàn jáde síta níwájú gbogbo ènìyàn, mo na ọwọ́ sókè, mo ya ìka mi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó rọra yí bọ́ọ̀lù náà sórí ìka. Nígbà tó jù ú, ọmọ Èrúwà tó mú igi dání kàn gbá afẹ́fẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e náà gbá afẹ́fẹ́. Ìyá alákàrà gbàgbé àkàrà rẹ̀ sórí iná.

Ilé ìwé wọn kò borí, ṣùgbọ́n àbúrò mi ni wọ́n mú. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí rẹ̀ dé ìdí mọ́tò. Ní ọdún náà, èmi nìkan ni mo kó bàrà jọ.

Pápá náà ti di ilé báyìí, ọ̀kadà ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Àbúrò mi ti ṣe tíṣà títí, ó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin wọ girama, ṣe ni ó kàn wọṣọ, ó gbé báàgì, ó lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó ju nǹkan kan. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó títí tó fi yà. Mo rántí àwọn ọmọbìnrin tó kù lórí pápá lọ́jọ́ náà, tí a kò yàn, tí wọ́n padà sóko. Wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ wọn ni kò mọ bọ́ọ̀lù jù.