Àṣẹ Tí Ìyá Akọ̀wé Kò Ní

Mo rántí ìgbà tí mo ń bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ṣiṣẹ́ ní Moniya, tí mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi ní ọ́fíìsì nítorí pé èmi nìkan ni mo mọ kọ̀ǹpútà dáadáa. Èmi ni mo ṣí àkáǹtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí à ń kó ìwé ẹgbẹ́ pamọ́ sí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni àwòrán ààlà oko àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Ìjàyè, torí òun la fi ń parí ìjà ilẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a wá àwòrán náà tì. Ìyá akọ̀wé, opó tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ló máa ń ṣí i han àwọn àgbẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí ìyá náà ṣì máa lọ sílé, wọ́n wá kọjú sí mi: “Lọ wo ohun tí ìyá yìí láṣẹ láti ṣe nínú àkáǹtì yẹn.”

Mo ṣí orúkọ ìyá náà. Wọ́n lè wo ìwé, wọn ò lè pa ohunkóhun rẹ́. Èmi àti ọ̀gá nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá ẹni tó pa á rẹ́, mo sì bá orúkọ tèmi níbẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Ìgbà náà ni mo tó rántí pé mo ń kánjú lọ sí mọ́sáláṣí lọ́jọ́ náà, tí mo ń kó àwọn ìwé àtijọ́ dànù láì wo orúkọ wọn dáadáa.

Mo sọ fún ọ̀gá pé mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yẹ ohun tí mo ti rí wò. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tèmi ò tilẹ̀ tíì kúrò nílé.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gun ọ̀kadà lọ kí ìyá náà ní Akínyẹlé. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, ètè wọn gbẹ.

“Ààwẹ̀ ni mò ń gbà, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Mo ní kí Ọlọ́run fi hàn mí bóyá ọwọ́ mi ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ojú mi ò kúkú ríran dáadáa mọ́. Ó jọ pé èmi náà ni.”

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́. “Ẹ má bínú, mà. Èmi ni. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ láṣẹ láti pa á rẹ́.”

Wọ́n bó ẹ̀gẹ́ ọwọ́ wọn tán. “Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Ọjọ́ Ajé, mà.”

Ọjọ́ yẹn náà ni mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. A rí ẹ̀dà àwòrán náà gbà lọ́dọ̀ ẹni tó wọn ilẹ̀, ọ̀gá sì lọ bẹ ìyá náà padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lónìí, iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ni kí n máa wo ẹni tó láṣẹ nínú àkáǹtì àwọn iléeṣẹ́ àti ohun tó lè fi ṣe. Ìyá náà dárí jì mí lójú gbogbo ọ́fíìsì, wọ́n sì ń súre fún mi di báyìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò tíì lè sọ fún wọn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ jẹ́wọ́ ni mo ṣe lọ sílé wọn lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ wò ó bóyá wọ́n á gbà pé àwọn ló ṣe é ni.