Agogo Wa Lórí Òkè
Àwọn aládùúgbò ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Peckham kì í jẹ́ ká sinmi. Tí agogo àdúrà bá ti dún, wọ́n ti ń gbá ilẹ̀kùn wa. Ara mi ò gbà á mọ́, mo kó ìjọ lọ sínú igbó lórí òkè kan ní Scotland. A bọ́ bàtà, mo lu agogo. Ẹyẹ kan tó tó tòlótòló fò lọ. Ẹ̀ṣọ́ igbó sáré dé: "Ẹyẹ yìí ti ń tán lọ. Igbó àtijọ́ tó pa rọ́rọ́, tí èso wẹ́wẹ́ pọ̀ nílẹ̀, nìkan ló lè gbé." Mo wo ilẹ̀: oje èso ti kun ẹsẹ̀ mi. Ibi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní lé wa ni mò ń wá. Ẹyẹ yẹn ti rí i, èmi ni mo wá lé e.